Corvair àti Falcon: Ìwà Lẹwà Ọkọ̀

Àwọn àgbà ní ìwà lẹwà. Ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n pa á lówe, ṣùgbọ́n bí a bá gbé òwe náà ka orí irin tí ń fi táyà mẹ́rin rìn, kò ní ṣàìbá a mu. Ó ti lé ní 60 ọdún tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń fa ọ̀rọ̀ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọkọ̀ kékeré méjì ni ó jáde sí ọjà ní oṣù Kẹwàá ọdún 1959: Chevrolet Corvair láti ilé-iṣẹ́ General Motors, àti Falcon láti ilé-iṣẹ́ Ford. Èwo ni ó sàn jù nínú méjèèjì? Àwọn tí wọ́n ń gbè sẹ́yìn Corvair ti sọ ọ́ di ìtàn akọni tí wọ́n pa láìṣẹ̀. Wọ́n ní ọgbọ́n kún inú ọkọ̀ náà bámúbámú, àti pé agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Ralph Nader ni ó fi ìwé kan ṣoṣo sin ín láàyè.

Ìtàn náà dùn-ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n òtítọ́ inú rẹ̀ kò tó ìdajì. Corvair ni ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ jù. Kò sí ẹni tí yóò jiyàn ìyẹn. Falcon ni ìwà rẹ̀ dára jù. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan ọkọ̀ tí ìyá yóò fi gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé lọ́jọ́ òjò, tí bàbá tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn yóò fi wálé lálẹ́, ìwà ni ó yẹ kí olúwarẹ̀ kọ́kọ́ wádìí kí ó tó wádìí ọgbọ́n.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ẹni tí kò bá wọn gbé ayé ìgbà náà, ó yẹ kí ó mọ irú ọkọ̀ tí ó kún ojú títì Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950. Ọkọ̀ gbàǹgbà gbàǹgbà ni wọ́n, tí ìdí wọn yọ sókè bí ìyẹ́ ẹja, tí irin dídán bò wọ́n láti imú dé ìrù, tí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ inú wọn ń mu epo bí ọ̀mùtí ti ń mu ẹmu. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ilẹ̀ náà dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún 1958, ọ̀pọ̀ ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀gbẹ́ ibòmíràn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí Volkswagen kékeré ti ilẹ̀ Jámánì, èyí tí àwọn Yorùbá ń pè ní ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ṣù roboto. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú dípò omi, owó rẹ̀ kò gani lára, kò sì mu epo púpọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní ìlú Detroit rí i pé àjèjì ti ń bá wọn pín oúnjẹ inú àwo wọn. General Motors gbé Corvair dìde, Ford gbé Falcon dìde, Chrysler gbé Valiant dìde. Láàárín àwọn méjì àkọ́kọ́ ni ìjà gidi wà.

Ẹni tí yóò dá ẹjọ́ òdodo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún Corvair ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ed Cole, ọ̀gá àgbà Chevrolet nígbà náà, kì í ṣe ẹni tí ń jẹ àjẹkù ọ̀nà ẹlòmíràn. Ó gbé ẹ́ńjìnnì sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fi alumíníọ̀mù rọ ọ́, ó tẹ́ sílíńdà mẹ́fà rẹ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ lítà 2.3, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 80. Nítorí pé afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú, kò ní rédíétọ̀. Omi kò lè dì sínú rẹ̀ nígbà òtútù, kò sì lè hó lójú ọ̀nà nígbà ooru. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì àti gíà wà lẹ́yìn, kò sí ọ̀pá gígùn tí ó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, ilẹ̀ inú ọkọ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ fún ẹsẹ̀ àwọn èrò. Iwájú rẹ̀ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kan lè yí sítíárìn rẹ̀. Lórí yìnyín, níbi tí àwọn ọkọ̀ yòókù ti ń yí táyà lásán, ìwúwo ẹ́ńjìnnì ń tẹ táyà ẹ̀yìn Corvair mọ́lẹ̀, ó sì ń lọ. Ìwé ìròyìn Motor Trend fún un ní adé ọkọ̀ ọdún 1960. Nígbà tí ó di ọdún 1962, Chevrolet fi tọ́bò sí oríṣi rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Monza Spyder, agbára rẹ̀ sì gòkè dé ti ẹṣin 150. Nígbà yẹn, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ní tọ́bò ṣì jẹ́ àrà lójú ayé.

Falcon ńkọ́? Falcon kò ní àrà kankan. Robert McNamara, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Ford tí ó wá di mínísítà ètò ààbò fún Ààrẹ Kennedy ní ọdún 1961, ni ó dúró ti ọkọ̀ náà gbágbáágbá. Onímọ̀ ìṣirò ni McNamara, kì í ṣe olùfẹ́ ọkọ̀. Ohun tí ó ń fẹ́ ni ọkọ̀ tí yóò gbé ènìyàn mẹ́fà, tí kò ní jẹ owó, tí kò sì ní fa wàhálà. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sí iwájú gẹ́gẹ́ bí ìṣe àtẹ̀yìnwá. Sílíńdà mẹ́fà rẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn lóròòró, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4, agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 90, omi ni ó sì ń tù ú. Ọ̀pá gígùn kan gbé agbára náà lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí irin pẹlẹbẹ tí a tò léra gbé táyà méjèèjì ró, bí ó ti wà lára ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹni tí ó bá ti tún ọkọ̀ kankan ṣe rí ní Amẹ́ríkà lè tún Falcon ṣe ní ọ̀sán gangan láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn olóye rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn aráàlú rà á: ní ọdún àkọ́kọ́, Falcon tí Ford tà lé ní 400,000, nígbà tí Corvair kò kọjá nǹkan bí 250,000.

Nípa eré sísá, kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀ jẹ: àwọn méjèèjì tí ó jáde ní ọdún 1960 kì í ṣe ọkọ̀ eléré. Ẹni tí ó bá ń wá eré nígbà náà mọ ibi tí Corvette wà. Àmọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré lójú ọ̀nà gbọọrọ kò tó láti fi mọ ipá rẹ̀. Ojú kọ́nà ni a ti ń mọ̀ ọ́n, níbi tí ọ̀nà ti yí lójijì, tí ọmọdé já sójú títì, tí awakọ̀ sì fa sítíárìn pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ibẹ̀ ni ìwà ọkọ̀ ti ń hàn, ibẹ̀ náà sì ni ẹjọ́ Corvair ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Ó ju ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ìwúwo Corvair lọ tí ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìn. Lára àwọn tí wọ́n ṣe láti ọdún 1960 títí dé 1963, ọ̀pá tí ó gbé táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ní oríkèé kan ṣoṣo, ní ẹ̀gbẹ́ gíà láàárín ọkọ̀. Táyà náà ń jù sókè jù sódò bí apá ẹyẹ. Bí awakọ̀ bá wọ kọ́nà pẹ̀lú eré, tí ìdí ọkọ̀ sì gbé sókè, táyà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde lè ká wọ abẹ́ ọkọ̀. Dípò kí ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ni yóò fi tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò fẹ́ ṣáájú iwájú. Awakọ̀ tí ó mọṣẹ́ yóò dá a padà. Ẹni tí kò mọ̀ yóò tẹ bíréèkì, nǹkan yóò sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ General Motors kò ṣàìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Irin kan wà tí a lè fi so ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ méjèèjì pọ̀ kí ọkọ̀ má baà fì púpọ̀ ní kọ́nà. Ilé-iṣẹ́ náà yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí gbogbo Corvair yóò ní. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ táyà: ìwé ìtọ́nisọ́nà ọkọ̀ náà ní kí táyà iwájú gba pọ́n-ùn 15, kí ti ẹ̀yìn gba pọ́n-ùn 26, nígbà tí táyà bá tutù. Ìdí rẹ̀ ni pé bí táyà iwájú bá rọ̀, iwájú ni yóò kọ́kọ́ yọ̀, ẹ̀yìn yóò sì dúró jẹ́ẹ́. Ó bọ́gbọ́n mu lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń fún táyà ní afẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà ọdún 1960? Ọmọkùnrin ilé epo ni, ẹni tí ó ti fún ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ ní afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n kan náà, iwájú bákan náà, ẹ̀yìn bákan náà. Bí ó bá rí táyà iwájú tí ó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, yóò rò pé ó ti jò ni, yóò sì fi inú rere fún un ní afẹ́fẹ́ kún un. Inú rere rẹ̀ ni yóò yí ọkọ̀ náà dà.

Ibí yìí ni gbogbo ẹjọ́ náà wà. Ilé-iṣẹ́ tí ó lówó jù lọ nínú àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ní ayé gbé ẹ̀mí oníbàárà rẹ̀ lé orí ọmọ ilé epo tí kò ka ìwé rí nípa ọkọ̀ náà, ó sì rò pé òun ti parí iṣẹ́ òun. Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Àwọn wọ̀nyí wò ó lókèèrè, wọ́n rí i, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́nisọ́nà pé kí igi náà má gún ẹnikẹ́ni.

Àwọn agbèjà Corvair ní ìdáhùn mẹ́ta, ó sì yẹ kí a gbé wọn yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀bi awakọ̀ ni: ẹni tí ó bá ra ohun èlò ni ó yẹ kí ó ka ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dára fún ẹni tí ó ra ọkọ̀ ní titun tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Ọkọ̀ kì í dúró lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́. Ẹni kejì rà á láìsí ìwé, ẹni kẹta rà á láìmọ̀ pé ìwé wà rí. Ẹni tí ó bá ti ra tòkunbọ̀ rí kò nílò àlàyé lórí èyí: táyà mẹ́rin àti kọ́kọ́rọ́ kan ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́, kì í ṣe ìwé ìtọ́nisọ́nà. Falcon kò béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ bá kéré díẹ̀ tàbí pọ̀ díẹ̀, iwájú ni yóò kọ́kọ́ yọ̀ bí ti gbogbo ọkọ̀ tí awakọ̀ náà ti wà rí, awakọ̀ yóò sì dín eré kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ìyẹn ni ọkọ̀ tí ń dárí ji ènìyàn.

Ìdáhùn kejì wọn lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ọdún 1972, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ń rí sí ààbò ojú pópó gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti fi Corvair ọdún 1963 wé Falcon, Valiant, Volkswagen ìjàpá àti Renault Dauphine. Wọ́n ní ìṣesí Corvair àtijọ́ kò burú ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àti pé kò ṣe é ju ti àwọn yòókù lọ láti sọ ìjánu nù tàbí láti dojú dé. Àwọn olùfẹ́ Corvair di àbọ̀ ìwádìí yìí mú bí ẹni di ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ mú.

Kò sí ìdí láti sá fún àbọ̀ náà. Ohun tí ó sọ ni ó sọ, ó sì yẹ kí àwọn tí wọ́n ń pe Corvair ní pósí orí táyà panu mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí a rántí pé Nader fi ẹrù púpọ̀ lé ọkọ̀ kan ṣoṣo lórí. Ìjàpá àti Dauphine náà gbé ẹ́ńjìnnì sí ẹ̀yìn, wọ́n sì lo irú ọ̀pá olóríkèé kan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwé Nader sì jáde ní òpin oṣù Kọkànlá ọdún 1965, Corvair titun tí ó wà lórí àtẹ ti rí àtúnṣe, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òǹkàwé fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀gbọ́n jẹ àbúrò níyà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kan wà tí kò sí àbọ̀ ìwádìí tí ó lè pa á rẹ́, General Motors fúnra rẹ̀ ni ó sì jẹ́ ẹ. Ní ọdún 1964, ilé-iṣẹ́ náà fi irin tí ó ti yọ kúrò lọ́jọ́ kìn-ín-ní sí iwájú gbogbo Corvair, ó sì fi irin pẹlẹbẹ kan dábùú ẹ̀yìn kí táyà má baà ká wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Nígbà tí ó di 1965, ó sọ ọ̀pá olóríkèé kan nù pátápátá, ó sì fi olóríkèé méjì rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá sí egbò, kí ni wọ́n ń di aṣọ mọ́?

John DeLorean, tí ó di ọ̀gá Chevrolet ní ọdún 1969, ṣàlàyé púpọ̀ nínú ìwé tí J. Patrick Wright kọ láti ẹnu rẹ̀, tí ó jáde ní 1979. Gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, Bunkie Knudsen tí ó gba ipò lọ́wọ́ Ed Cole ní Chevrolet ni ó lérí pé òun yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí wọn kò bá jẹ́ kí òun ṣe àtúnṣe náà. Iye tí wọ́n ń jà lé lórí kò ju nǹkan bí dọ́là 15 lórí ọkọ̀ kan. Dọ́là 15 lórí ọkọ̀ tí owó rẹ̀ tó nǹkan bí 2,000! Ẹni tí ó bá ka èyí, tí ó sì tún ń sọ pé agbẹjọ́rò ni ó ba Corvair jẹ́, ó ti yan ẹni tí yóò bá jà kí ó tó gbọ́ ẹjọ́.

Ìdáhùn kẹta ni pé ìwé Nader ni ó pa ọjà Corvair. Òótọ́ ni pé ọjà náà wó lulẹ̀: Corvair tí wọ́n ṣe ní 1965 tó nǹkan bí 235,000, ti ọdún 1966 sì já wálẹ̀ sí nǹkan bí 103,000. Ìwé náà dá kún un, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti ń yọ́ ilẹ̀ gbẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáájú? Ọmọ bíbí inú Falcon ni. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1964, Lee Iacocca àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ford mú egungun Falcon, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀, wọ́n dá ẹ̀wù titun wọ̀ ọ́, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Mustang. Láàárín ọdún kan, Mustang tí wọ́n tà lé ní 400,000. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọdún 1966 nìkan sì ju 600,000 lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí ìbá ra Corvair Monza ni wọ́n sáré lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ tí àwọn olóye ń fi ṣẹ̀sín pé kò ní àrà ni ó bí ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń pọ́n lé títí di òní.

General Motors pẹ̀lú mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ó sì mọ̀ ọ́n kí Nader tó kọ ọ̀rọ̀ kan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1961, kò tíì pé ọdún méjì tí Corvair jáde, Chevrolet gbé ọkọ̀ kékeré mìíràn tí ń jẹ́ Chevy II dìde. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú, omi ni ó ń tù ú, ọ̀pá gígùn gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí ẹ̀yìn. Ní ọ̀rọ̀ kan, Falcon ni wọ́n ṣe tí wọ́n fún ní orúkọ Chevrolet. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ bá Mustang díje ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1966, Camaro ni wọ́n gbé jáde, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú. Wọn kò tọ Corvair lọ. Bí ilé-iṣẹ́ tí ó bí ọmọ bá ti gba ọmọ mìíràn tọ́ kí ó lè ṣe iṣẹ́ tí ọmọ náà kò lè ṣe, ṣé àlejò ni kí a wá dá lẹ́bi?

Bí a bá kúrò ní ojú kọ́nà tí a wá sí ìlò ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀ náà kò dára fún Corvair jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iwájú ni búùtù rẹ̀ wà, táyà àfirọ́pò sì ti gba àyè nínú rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Bẹ́líìtì fáànù rẹ̀ ní láti gba kọ́nà lára ẹ́ńjìnnì, láti òró wá sí ìbú. Bí kò bá le dáadáa, a já bọ́. Bí ó bá já bọ́, afẹ́fẹ́ kò fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì mọ́, bàtìrì kò sì rí iná gbà. Epo ẹ́ńjìnnì ń jò lójú ìdè rẹ̀. Láti 1961 lọ, afẹ́fẹ́ tí ó ti kọjá lára sílíńdà ni wọ́n ń fẹ́ wọ inú ọkọ̀ láti lé òtútù. Bí ìdè ẹ́ńjìnnì bá ti gbó, èéfín olóró lè bá afẹ́fẹ́ náà wọlé tọ àwọn èrò lọ. Kò sí èyí tí mẹkáníìkì tí ó mọ Corvair kò lè tún ṣe. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó mọ Corvair ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́, irú wọn kò sì sí ní gbogbo abúlé.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kí ó wá sọ Falcon di òrìṣà. Falcon ní àlébù tirẹ̀. Orí táǹkì epo rẹ̀ ni ó dúró gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ búùtù, ọ̀pá sítíárìn rẹ̀ sì le gbagidi, ó kọjú sí àyà awakọ̀ bí ọ̀kọ̀. Ti Corvair náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ford gbé Falcon dé ilẹ̀ Australia ní ọdún 1960, ọ̀nà kángunkàngun ibẹ̀ fọ́ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó di ẹni ẹ̀sín. Ohun tí Ford ṣe lẹ́yìn náà ni ó yẹ kí ọmọlúàbí máa wò. Wọ́n fún ẹsẹ̀ náà lágbára díẹ̀díẹ̀ ní ọdọọdún, títí tí wọ́n fi ní ìgboyà ní ọdún 1965 láti kó Falcon márùn-ún lọ sí ibi ìdánwò wọn ní You Yangs, lẹ́bàá ìlú Melbourne, tí wọ́n sì fi wọ́n sáré 70,000 máìlì tọ̀sán-tòru. Orúkọ Falcon wà ní Australia títí di ọdún 2016. Ní Argentina, wọ́n ń ṣe Falcon tí àbá rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ títí di 1991. Corvair kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1969. 6,000 péré ni wọ́n ṣe ní ọdún ìkẹyìn rẹ̀.

Kí ni General Motors ṣe ní tirẹ̀ nígbà tí wọ́n bá a wí? Dípò kí ó jáde wá ṣàlàyé bí ó ti tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, ó bẹ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ́wẹ̀ láti tọpa Nader kiri, kí wọ́n wá àbàwọ́n sí i láṣọ. Àṣírí tú. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1966, James Roche, ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà, jókòó níwájú ìgbìmọ̀ Sẹ́nétọ̀ Abraham Ribicoff ní Ilé Aṣòfin Àgbà, ó sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Ní ọdún 1970, wọ́n san 425,000 dọ́là fún Nader láti parí ẹjọ́ tí ó pè wọ́n. Kò sí ìwé tí ó ba orúkọ Corvair jẹ́ tó ìwà yìí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í rán amí sí ilé ẹni tí ó bá a wí.

Ohun kan dára tí ó tinú ìjà náà jáde. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1966, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tí ó fún ìjọba àpapọ̀ ní àṣẹ láti sọ fún gbogbo ilé-iṣẹ́ ohun tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní kí ó tó dé ojú títì. Lẹ́yìn náà ni bẹ́líìtì ìjókòó àti ọ̀pá sítíárìn tí ń wó sínú nígbà tí àyà bá kọlù ú di ọ̀ranyàn. Falcon jẹ nínú àǹfààní òfin náà, Chrysler jẹ nínú rẹ̀, àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń wọ Amẹ́ríkà sì jẹ nínú rẹ̀. Àìmọye ènìyàn tí kò gbọ́ orúkọ Corvair rí ni ó jókòó lónìí sẹ́yìn sítíárìn tí ìjà náà tún ṣe.

Nítorí náà, bí àríyànjiyàn bá tún bẹ́ sílẹ̀, ìdájọ́ náà kò ṣòro. Ẹni tí ó bá ń wá àrà, tí ó ní àkókò láti wọn afẹ́fẹ́ táyà ní àárọ̀, tí ó mọ bí a ti ń dá ìdí ọkọ̀ padà ní kọ́nà, kí ó lọ ra Corvair, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe láti 1965 wá. Yóò gbádùn rẹ̀, yóò sì ní ohun ẹlẹ́wà nílé. Ṣùgbọ́n kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni pé Falcon borí nítorí pé òpè ni àwọn tí ó rà á. Àwọn tí ó rà á mọ̀ pé ó ń rẹ àwọn nígbà mìíràn, pé ojú àwọn ń kúrò lọ́nà nígbà mìíràn, pé ọmọ ilé epo kì í ka ìwé. Wọ́n ra ọkọ̀ tí ó mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n. Ẹni tí ó bá ń ṣe ohun èlò fún ọmọ aráyé, yálà ọkọ̀ ni tàbí afárá, tí kò fi àṣìṣe ènìyàn sínú ìṣirò rẹ̀, ìṣirò náà kò tíì parí, bí ó ti wù kí ọgbọ́n inú rẹ̀ pọ̀ tó.